Búrẹ́mọ̀ Alápòótí àti Iná Pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ bá dé Ìgbó-Ọrà tí ẹ ní Búrẹ́mọ̀ Àkànó lẹ̀ ń wá, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Búrẹ́mọ̀ Alápòótí, ọmọ kékeré á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í kan àpótí, kì í sì í tà á. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Orúkọ náà mọ́ ọn lára nítorí pé kò sí gílóòbù tó máa gbé kọ́ sí àjà ilé ẹnikẹ́ni, àfi kó kọ́kọ́ ki oríkèé wáyà rẹ̀, ìyẹn ibi tí wáyà méjì ti so pọ̀, sínú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó fi ọmọrí dé e, kó sì fi súkúrù de ọmọrí náà pinpin. Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ yọ idà sí i, kò ní tan iná náà fún yín.

Èmi Àmínà tí mò ń sọ ọ́ yìí, kẹrosíìnì ni mò ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè nígbà tí iná ìjọba ń wọ àwọn àdúgbò wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí pé kí n rí oníṣẹ́ iná kí n máa rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ wo ló ń rí ẹyẹ ẹ̀gà tó ń dárayá? Ṣùgbọ́n ti Búrẹ́mọ̀ yàtọ̀. Ọkùnrin náà kò lẹ́nu, kò sì yára. Bó bá gun àkàsọ̀, ẹ lè lọ sóko kí ẹ padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà lẹ ṣì máa rí.

Àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò lábẹ́ igi òdàn àdúgbò wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní pósí ló ń kàn fún wáyà.

"Búrẹ́mọ̀, ta ló tún kú lónìí?"

"Wáyà pupa pẹ̀lú dúdú ni o," á dá wọn lóhùn. "Tọkọtaya ni. Ẹ bá wa kẹ́dùn."

Ìgbà tí èmi bi í ló tó fara balẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, wáyà kì í ní wàhálà níbi tó bá ti gùn gbọọrọ lọ. Oríkèé ni wàhálà rẹ̀ wà, bíi ti orúnkún àgbàlagbà. Bí wọ́n bá so ó tí kò dè, á máa gbóná. Bó bá gbóná títí, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́. Bí rọ́bà bá yọ́ tán, ohunkóhun tó bá wà nítòsí ló kàn. Ṣùgbọ́n bó bá wà nínú àpótí, inú ibẹ̀ náà ni ìbínú rẹ̀ máa tán sí, eku ò sì ní rí i jẹ."

Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n kó rántí pé oúnjẹ ẹnu mi ló ń gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra kẹrosíìnì ìgò kan lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ Ìdèrè ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó máa ro oko ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n òun àti ẹ̀gẹ́ kò mọwọ́ ara wọn, ni wọ́n bá fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ iná kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Àpá iná wà lára ọ̀gá náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àpá yẹn ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ju ẹnu lọ. Nígbà tí Búrẹ́mọ̀ gba òmìnira ní ọdún 1984, Ìgbó-Ọrà ló wá jókòó sí pẹ̀lú àkàsọ̀, àpò iṣẹ́ àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Kó tó di nǹkan bí ọdún 1995, láti Èrúwà títí dé Ayétẹ̀, ilé tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé kò pọ̀ mọ́. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi òdàn ló ń ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ìlú gbà fún un, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Gàníyù, ni mò ń wí. Ọmọbìnrin rẹ̀, Ìbílọlá, ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà náà. Búrẹ́mọ̀ wá so iná sí ilé aránṣọ náà, iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju òwúrọ̀ kan lọ sì gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwa rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá. Ìgbà tí Ìbílọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ ibi iṣẹ́ la tó mọ̀ pé ojú ló ń ṣiṣẹ́. Mo bi í pé kí ló rí lára ọkùnrin tó lọ́ra bí ìgbín. Ó ní, "Àǹtí, ẹni tí kò lè fi wáyà lásán sílẹ̀ níhòòhò, ṣé èmi ló máa fi sílẹ̀ níhòòhò?" Mo ní ẹnu rẹ̀ ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gúsí ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣòwò rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn fáàrí. Lẹ́yìn tó kọ́ ilé onípáànù rẹ̀ tán, ó fi pákó tẹ́ àjà pálọ̀, ó sì kùn ún lẹ́fun fínnífínní. Bí àlejò bá wọlé, kó tó kí i tán, á ti ní kó gbójú sókè.

Bẹ́ẹ̀, ní tiwa, àjà kì í ṣe ohun tí à ń wò. Ibi tí à ń kó irúgbìn sí ni. Nílé àtijọ́, òkè ààrò ni àgbàdo irúgbìn ń gbé tòun tèèpo rẹ̀, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Ilé onípáànù ti lé ààrò lọ sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n Hàlímọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Gàníyù, ti ṣàkíyèsí pé ooru páànù ń ṣe iṣẹ́ èéfín. Ihò kan wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu ibẹ̀ ló ń dúró sí lórí àkàsọ̀, tó ń fi ọ̀pá gígùn ti ìdì àgbàdo rẹ̀ lọ sórí pákó funfun náà, nítorí pákó ọ̀hún kò lè gba èèyàn. Eku tẹ̀ lé àgbàdo. Eku tọ̀. Ìtọ̀ eku wá ya àwòrán sára ẹfun ẹ̀gbọ́n mi gan-an níbi tí àwọn àlejò ti ń wò ó. Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n, ó ní òun kò gbọ́dọ̀ tún bá ọmọ àgbàdo kan lókè yẹn mọ́ láyé. Màmá Gàníyù ní ó ti tán. Nígbà tí ìkórè tún dé, ó kó o padà síbẹ̀.

Kì í ṣe alágídí. Irúgbìn tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ ni, kò sì sí ibòmíràn nínú ilé náà tí kòkòrò kò ní jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Èmi náà kò mọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Eyínfúnjowó, jókòó kí n rò fún ọ." Orúkọ tó fún mi láti ìgbà tó ti dé ilé wa nìyẹn, nítorí ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ ilé lórúkọ.

Ní ọdún 1987 ni àwọn ará Ìdèrè wá tọrọ Ìbílọlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ iná. Kó wá so iná sí pálọ̀ mi. Abẹ́ iná yẹn ni mo ti máa fa ọmọ mi lé yín lọ́wọ́. Bí iná kò bá sí, ìyàwó ò sí. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó sì wá o."

Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́.

"Bí ẹ bá wá lọ́sàn-án, ta ló máa rí gílóòbù?"

Búrẹ́mọ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́. Igun pálọ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi hàn án. Ó gbé àkàsọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ orí sínú ihò, àgbàdo ló sì bá pàdé, ìdì lórí ìdì, tí èèpo rẹ̀ ti gbẹ wárawàra níbi tí wáyà fẹ́ gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nísàlẹ̀.

"Kí lo rí lókè yẹn?"

"Eku ni, sà."

Màmá Gàníyù ń gbálẹ̀ nítòsí. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ "eku ni," ìgbà yẹn ni òun tó mí. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ kírun, Búrẹ́mọ̀ lọ bá Màmá Gàníyù nídìí ààrò.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sún ohun yẹn kúrò ní igun. Iná kì í bá èèpo àgbàdo ṣeré."

"O ò ní sọ fún bàbá rẹ?"

"Kí ni mo rí, Màmá? Eku ni mo rí."

Lọ́jọ́ náà, ẹran inú àwo Búrẹ́mọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ nínú wa. Màmá Gàníyù sún àgbàdo lóòótọ́. Ó fi ọ̀pá tì í kúrò ní igun, ó tì í lọ sí àárín gbùngbùn àjà, níbi tó jìnnà sí wáyà. Búrẹ́mọ̀ so iná rẹ̀ sí igun, ó dé e mọ́ inú àpótí, ó parí.

Ó ṣe wá di àárọ̀ ọjọ́ ìdána. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ńlá rẹ̀ láàárín pálọ̀, ó wo igun, ó wo òkè orí ara rẹ̀, ó ní iná náà kò bójú mu níbi tó wà. Àárín ni òun ń fẹ́, lókè orí òun gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa dà sórí fìlà òun. Búrẹ́mọ̀ kò jiyàn. Ó lu ihò sí pákó àárín, ó sì fi ọ̀pá ti wáyà lọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tó ti gé fún igun kò lè dé àárín, àfi kó so òmíràn mọ́ ọn. Ìsopọ̀ tuntun ń fẹ́ àpótí tuntun. Àwọn àpótí tó rà n'Íbàdàn ti tán, ìsọ̀ kankan kò sì ta irú rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà nígbà náà. Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú àjà, ó rí ibi tí àgbàdo wà. Àgbàdo ti yí ihò tuntun náà ká.

Ilé ti kún. Àwọn obìnrin ń dáná lẹ́yìnkùlé, àwọn ọkùnrin ń to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àkàsọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ́ ìdì àgbàdo jáde lójú gbogbo wọn. Búrẹ́mọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi àtùpà ṣe é lónìí. Lọ́la ni mo máa lọ Ìbàdàn, màá ra àpótí bọ̀."

"Àpótí kí ni? Ilé tó wà níwájú wa, ṣé ó ní àpótí lókè? Téèpù ni wọ́n wé mọ́ ọn. Ṣé ó ti jóná?"

"Rárá, sà."

"Àbí wáyà tèmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Búrẹ́mọ̀ ní kí wọ́n má bínú, òun kò ní so ó láìsí àpótí. Ó yọ fíúsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí iná má bàa wọ wáyà, ó fi orí wáyà sílẹ̀ lókè, ó yà lẹ́yìnkùlé láti sọ fún Màmá Gàníyù pé iná kò ní tàn lónìí, kó fọkàn balẹ̀, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ Ìdèrè láti lọ múra pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ọ̀lẹ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí bó ṣe yí ẹ̀yìn padà. "Ẹni tí gílóòbù kan ń bá fà á báyìí, báwo ló ṣe fẹ́ bọ́ ìyàwó? Ẹ lọ pe Fọlábí fún mi."

Fọlábí ni oníṣẹ́ iná kejì ní àdúgbò. Aláwàdà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí ọwọ́ ọ̀bọ. Orin ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi dé. Kò yọjú sínú àjà rárá. Orí àga ló gùn, ó ki ìka bọ ihò àárín, ó fa orí wáyà sísàlẹ̀, ó lọ́ pupa mọ́ pupa, ó lọ́ dúdú mọ́ dúdú, ó wé téèpù mọ́ wọn, ó tì wọ́n padà sókè, ó gbé gílóòbù kọ́. Wọ́n ki fíúsì padà. Pálọ̀ mọ́lẹ̀ yòò, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kó tó di pé iyán tí wọ́n ń gún lẹ́yìnkùlé kúnná, ó ti tún kọrin lọ.

Màmá Gàníyù gbọ́ àtẹ́wọ́, ó sáré wọlé tòun ti omi ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo òkè. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín láti etí dé etí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Mo rò pé ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Màgáríbì ni àwọn ará Ìdèrè dé, Bàbá Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n bàbá Búrẹ́mọ̀, ló ṣíwájú wọn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sábẹ́ gílóòbù rẹ̀ nínú agbádá, ó mọ́lẹ̀ ju ọkọ ìyàwó lọ. Bí Búrẹ́mọ̀ ṣe wọlé tó rí iná, ìrìn rẹ̀ dúró. Gílóòbù náà ń ṣẹ́jú. Á mọ́lẹ̀, á ṣú díẹ̀, á tún mọ́lẹ̀.

"Iná yín mọ ijó jó," ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí.

Búrẹ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pa á."

"Lọ jókòó síbi tí àwọn ọkọ ìyàwó ń jókòó sí."

Ó lọ jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lókè. Bàbá Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Gílóòbù ṣẹ́jú. Ó dé orí àdúrà. Gílóòbù tún ṣẹ́jú, nǹkan kan sì dún tá lókè àjà. Búrẹ́mọ̀ dìde, ó gba àárín àwọn àgbà kọjá láìtọrọ gáfárà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa fíúsì yọ. Òkùnkùn bò wá.

Ariwo ta. Wọ́n tanná sí àtùpà, mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́, inú sì ń bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi gbá ọmọkùnrin náà lórí. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àna? Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde.

"Nínú ilé mi! Lójú àwọn àlejò mi! Ẹ kó ẹrù yín, ará Ìdèrè. Ẹni tó lè sọ ilé mi di òkùnkùn lójú mi, kò ní mú ọmọ mi lọ."

Búrẹ́mọ̀ ti tún dojú bolẹ̀ sórí ẹní. Bàbá Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ọmọ yìí, sọ̀rọ̀! Kí ló dé?"

"Ìsopọ̀ rẹ̀ ni kò dáa, sà. Kò sí nínú àpótí."

"Nítorí àpótí?"

Láti inú yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnì, a gbọ́ tí Ìbílọlá bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin Ìdèrè ti ń ká aṣọ wọn. Ìgbà náà ni Màmá Gàníyù jáde sí àárín pálọ̀.

"Bàbá Gàníyù, ẹ má lé e. Àgbàdo irúgbìn mi wà lókè."

"Kí lo wí?"

"Àgbàdo tí ẹ ní kí n má kó síbẹ̀ mọ́. Mo kó o síbẹ̀. Ìdí wáyà iná yẹn gan-an ló wà, tòun tèèpo rẹ̀."

Ìyàwó tó bá jẹ́wọ́ irú èyí lójú àna tuntun, àwọn àna yẹn kò ní gbàgbé títí wọ́n fi máa rí ọmọ ọmọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ó ti rí i láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gun òkè. Ẹ bi í léèrè, ó ní eku lòun rí. Ẹ pè é ní ọ̀lẹ, kò sọ. Ẹ ń lé e lọ báyìí, ìyàwó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún sọ, kí ojú má bàa tì mí. Bí Ìbílọlá kò bá fẹ́ irú èyí, irú ta lẹ fẹ́ kó fẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ agbádá, ó gba àtùpà ọwọ́ mi, ó gun orí àga ńlá rẹ̀, tòun ti bí ó ṣe sanra tó. Ó ki ọwọ́ bọ ihò, ó sì tètè fà á yọ, nítorí ibẹ̀ gbóná. Ó tún ki ọwọ́ bọ inú ihò náà pẹ̀lú ìṣọ́ra. Èèpo àgbàdo kan ló mú jáde, ó ti dúdú láti etí dé ìdajì, téèpù tó ti yọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ kan gbogbo wa nímú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nà án sí Bàbá Sàláúdéènì, tó wò ó tó sì nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo mọ bí ìbínú rẹ̀ ṣe ń bọ̀, ẹ̀rù Màmá Gàníyù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó di apá Búrẹ́mọ̀ mú, ó gbé e dìde kúrò nílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn eruku kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló yíjú sí, ó sì pè é ní jẹ́jẹ́ ní orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Gàníyù.

"Hàlímọ̀," ó ní, "wọlé lọ mú ọmọ rẹ jáde. Ọkọ rẹ̀ ti dé."